Ọjọ́ Tí Mo Ka Owó Séfà Lórí Àpò Àlùbọ́sà

Títí di òní, bí òórùn àlùbọ́sà tútù bá fẹ́ sí mi nímú, owó séfà ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọbẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn máa ń rántí. Èmi a máa rántí owó wẹ́wẹ́ tó ti rún, ojú tó ń ta mí, àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sáré yí mi ká láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Mile 12 nítorí wọ́n rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn obìnrin ń jókòó sábẹ́ agboòrùn láti ta kọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Mo ń gbé ní Kétu lọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ ará ìlú wa, láti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ànkárá ni wọ́n ń tà nínú ọjà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti ń kọ́ òwò. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Ìwé mi kò jìnnà. Ọdún kejì mi ní girama ni owó tán nílé, ni mo bá tẹ̀ lé Àǹtí wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ni ìṣòro mi, ìtìjú ni. Bí oníbàárà bá béèrè iye tí à ń ta aṣọ, ìka ni màá fi dáhùn. Bí ó bá ní kí n dín in kù, ilẹ̀ ni màá máa wò. Àǹtí a máa sọ pé, "Ọmọ tí kò bá ké, ìyá rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ebi ń pa á. Ìwọ, bí iná bá jó ọ, wàá kọ́kọ́ bẹ iná pé kó má bínú."

Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń ná owó séfà, ni Àǹtí ti ń ra ọjà wọn. Nígbà tí wọ́n bímọ, tí wọn kò lè rìnrìn àjò, èmi ni wọ́n ní kí n lọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ni owó ọjà náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú rẹ̀ jẹ́ tèmi, owó àjọ tí mo dá fún odidi ọdún kan. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá ṣe é dáadáa, Àǹtí yóò fún mi ní etí tábìlì wọn láti máa ta aṣọ tèmi. Bí mo bá sì bà á jẹ́, ó tán nìyẹn, nítorí bàbá mi ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí n máa bọ̀ nílé wá bá wọn dín gàárì. Mo mọ bí èéfín gàárì ṣe máa ń rí lójú. Etí tábìlì yẹn ni mo fẹ́.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mò ń lọ ló ní ìmọ̀ràn lórí ibi tí ó yẹ kí n ti pààrọ̀ owó. Lándílọ́ọ̀dù wa, tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí, ní báńkì ni kí n lọ. Obìnrin tó ń ta kọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà wa ní kí n má ṣe dán an wò, pé kí n dé Kútọnu gan-an kí n tó ṣẹ́ ẹ. Àǹtí ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. "Bọ́dà ni gbogbo wa ti ń ṣẹ́ ẹ. Ṣáà béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí o tó fún ẹnikẹ́ni lówó." Béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta! Ó rọrùn fún mi kí n fi ẹsẹ̀ rìn dé Kútọnu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ní bọ́dà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣẹ́ owó bò mí. "Sisí, ọ̀dọ̀ mi ni kó o wá!" "Má dá a lóhùn jàre, owó tiẹ̀ ti gbó!" "Èmi lọkọ ẹ, mélòó lo mú wá?" Ọ̀kan fa ọwọ́ mi ọ̀tún, èkejì fa àpò mi. Mo já ara mi gbà, mo sì sá lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó jókòó jẹ́jẹ́ sídìí tábìlì rẹ̀, tí kò pe ẹnikẹ́ni. Irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ dáadáa," ó wí. "Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́. Èkó yìí ṣì ní irú yín?"

Inú mi dùn. Ó sọ iye tí ó máa san fún mi; mo gbà bẹ́ẹ̀, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹni kejì, ká má tíì sọ ẹni kẹta. Ó ka bébà séfà mẹ́rìnlélógún, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹgbàárùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹni tó ń bó ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ó nà án sí mi, ó ní, "Kà á wò, ọmọ mi."

Ìyá mi àgbà ló tọ́ mi. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tí àgbà bá fi sí ọ lọ́wọ́, o kò gbọdọ̀ là á wò lójú rẹ̀. Bí o bá kà á, ó túmọ̀ sí pé olè ni o pè é. Mo ní, "Rárá o, Bàbá, ó ti tó bẹ́ẹ̀." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́, mo sì tún kúnlẹ̀. Bàbá náà súre fún mi pé màá bí ọmọ tó dà bí èmi.

Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu ni mo ti kà á. Méjìlélógún ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bí ẹni pé ó lè bímọ sí mi lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ó ti ká bébà méjì sí méjì, ó sì ka ìdí wọn, ó ka orí wọn. Mo ra aṣọ tí owó náà lè rà, mo sì sunkún láti bọ́dà títí dé Kétu.

Àǹtí ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tí mo rò ó fún wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé o kúnlẹ̀ fún un?"

"Mo kúnlẹ̀, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ọmọ já ọmú sílẹ̀, ó figbe ta. "Ẹ̀ẹ̀mejì lo kúnlẹ̀, bébà méjì ló yọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé o ò kúnlẹ̀ nígbà mẹ́wàá!" Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Inú owó tèmi ni àdánù náà yóò ti jáde, ìdajì owó àjọ mi sì lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní màá tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i lóṣù tó ń bọ̀. "Bí ó bá tún dín, èmi fúnra mi ni màá mú ọ lọ sí gáréèjì Ọ̀jọ́tà, wàá sì padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ."

Lójoojúmọ́ ni mò ń ronú ibi tí màá ti ṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀kejì. Ní Sátidé kan, mo lọ ra àlùbọ́sà sílé ní Mile 12 lọ́dọ̀ màlámù kan tí a ti ń ra tipẹ́. Dákẹ́dákẹ́ ni ó ń pè mí, nítorí pé n kì í ná ọjà. Iye tó bá dá lé e ni màá san, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ṣàánú mi, tí yóò fi ènì sí i.

"Dákẹ́dákẹ́, ta ló kú?" ó béèrè.

N kò mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà. Mo la ẹnu, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bàbá arúgbó, bébà méjì àti gàárì. Ó gbá itan rẹ̀. "Kai! Séfà ni o ń wá lọ sí bọ́dà? Wò ó, àwọn tí séfà fẹ́ dà láàmú ń bẹ lẹ́yìn mi níbí."

Ó wá là mí lóye. Àwọn àgbààgbà tó ń kó àlùbọ́sà wá láti ilẹ̀ Nìjẹ̀r, séfà ni owó tó máa ń wà lápò wọn bí ọkọ̀ wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọn kò tíì ta ọjà, bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà àti àwọn alábàárù ń béèrè náírà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, wọ́n á rẹ́ wọn jẹ. Ó ní, "Náírà ni wọ́n ń wá, séfà ni ìwọ ń wá. Kí ni o fẹ́ lọ ṣe ní bọ́dà?" Gbogbo ayé ló mọ òwe ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó. Tèmi tiẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí àwọn tó gba Sókótó kọjá ni wọ́n gbé e wá bá mi lẹ́yìn ilé.

Àǹtí kò fẹ́ gbà. "Inú àlùbọ́sà ni owó mi ń lọ?" Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta bíi ti àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ó dọwọ́ rẹ o." Ní àárọ̀ Túsìdeè, màlámù mú mi lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n ń já ẹrù rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó níbẹ̀, irungbọ̀n rẹ̀ funfun. Àgbà tún ni! Mo kúnlẹ̀. Iye tó fẹ́ san ju ti bọ́dà lọ díẹ̀. Bébà ẹlẹ́gbẹ̀rún ni gbogbo rẹ̀, òjìlúgba ó lé mẹ́fà. Ó kà á tán, ó nà án sí mi. Mo ní, "Ó ti tó, Bàbá."

Bàbá fa owó rẹ̀ padà. Ó sọ èdè Hausa lọ títí, màlámù sì túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ẹni tí kò bá kà á kò tíì gbà á. Ó ní bí o bá délé tí ó dín, olè ni wàá máa pe òun, òun kò sì ní sí níbẹ̀ láti dáhùn. Ó ní kí o má gbé orúkọ òun lọ láìkà á."

N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó sórí àpò àlùbọ́sà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Owó náà ti bá àlùbọ́sà rìn láti ọ̀nà jíjìn. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, tí imú mi ń sun. Mo ń kà, mò ń sunkún. Obìnrin kan tó ń ta ata lódìkejì rí mi, ó sì figbe ta. "Ẹ gbà wá o! Wọ́n ti gba owó ọmọ ọlọ́mọ!" Kí n tó mọ̀, wọ́n ti yí wa ká. Ọ̀kan ti tú gèlè dì mọ́ ìdí. "Ṣé ẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ẹ dá owó rẹ̀ padà!" Alábàárù kan sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè. Màlámù ń pariwo "Wálàhí", kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Bàbá arúgbó gbé ọwọ́ lérí. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò lu ẹni tó ṣe mí lóore. Èyí tó tún burú ni pé kíkà tí mò ń kà fẹ́ dàrú mọ́ mi lórí.

Mo dìde dúró lórí àpò náà, mo sì kígbe tí mo rò pé wọ́n gbọ́ ní Ìkòsí: "Ẹ dákẹ́! Àlùbọ́sà ni! Mo ti ka igba ó lé mẹ́rìnlá!"

Alábàárù sọ apá aṣọ rẹ̀ kalẹ̀. Ni obìnrin aláta bá rọra ní, "Igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?" Mo yọ ọ̀kan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe bá mi kà á sókè, gbogbo wọn, pẹ̀lú alábàárù, títí tí ó fi pé òjìlúgba ó lé mẹ́fà. "Ó pé!" ni mo wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá arúgbó rẹ́rìn-ín, ó mú àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta fún mi, kì í sì í ṣe àwọn tó ti ń jẹrà.

Mo dé Kútọnu, mo ra ọjà tó dára lọ́jọ́ náà, mo sì gba etí tábìlì mi. Orí rẹ̀ ni mo ti ń tajà títí di òní. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ sí Kútọnu máa ń bi mí pé ibo ló dára jù láti pààrọ̀ owó. Mo máa ń sọ fún wọn pé báńkì dára fún ẹni tó ní àkókò, bọ́dà dára fún ẹni tó lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo àyíká wọn bóyá ẹnì kan wà tó ń wá ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Níbikíbi tí wọ́n bá sì ti ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n kà á.

Mo tún bá bàbá arúgbó bọ́dà pàdé lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí owó díẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́ láti ṣẹ́. Kò dá mi mọ̀. "Ọmọ dáadáa," ó tún wí, nítorí pé mo kúnlẹ̀. Ó nawọ́ owó náà sí mi, ó ní kí n kà á wò. N kò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń tú bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ohùn kékeré sọ pé, "Ó ku ẹyọ kan, Bàbá." Ó wo ojú mi, ó wo orúnkún mi, ó sì fi ẹyọ kan lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí nígbà náà, ojú ń tì mí dòní. Mo kàn máa ń ka owó mi pẹ̀lú rẹ̀ ni.