Mọ́tò Wil Níwájú Ṣọ́ọ̀ṣì

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àìrìnnàkore ló pa Wil Èkúté. Irọ́ ni! Àwa la pa á, àwa onímọ̀ọ́tótó, àwa tí èkúté kì í wọ ilé wa. Mo ti di arúgbó báyìí, n kò sì ní irọ́ kankan tí mo fẹ́ pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lábúlé wa lórí òkè Wales níbí, iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe la fi ń pè é. A ní Dai Búrẹ́dì, a ní Ifor Lẹ́tà. William Bevan la sọ ní Wil Èkúté. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ èkúté pípa lé e lọ́wọ́, ogójì ọdún ó lé ló sì fi ṣe é. Kò sí oko kan láàárín odò àti òkè tí Wil kò tíì dọ̀bálẹ̀ nínú àká rẹ̀, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ pákó wò.

Ó mọ iṣẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ òkú. Kì í sáré da májèlé sílẹ̀. Á kọ́kọ́ fọ́n ìyẹ̀fun sílẹ̀, á lọ mu tíì, á wá padà wá wo ẹsẹ̀ èkúté lórí rẹ̀, á sì mọ iye tí wọ́n jẹ́ àti ibi tí wọ́n ń gbà. Á fi kànìnkàn onírin àti sìmẹ́ńtì dí ihò. Ẹ̀bá ògiri ló ń dẹ tàkúté sí, torí èkúté kì í gba àárín ilé kọjá. Májèlé ló ń gbẹ̀yìn, inú àpótí ló sì ń tì í mọ́, kó má bàa pa òwìwí. Ó ní òwìwí ni ọ̀gá òun nídìí iṣẹ́ yẹn.

Àmọ́ tí a bá fẹ́ sọ òótọ́, torí ẹnu rẹ̀ tó dákẹ́ la ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, kí wọ́n ní èkúté wà nílé obìnrin burú ju kí wọ́n ní ọtí ń gbé ọkọ rẹ̀ ṣubú. Wil mọ̀. Nítorí náà, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, á gbé àpò kọ́ èjìká, á sì fi ẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sí ilé tó bá ń lọ. Bí o bá rí mọ́tò yẹn, o mọ̀ pé ó wà nílé ẹnì kan, o kò sì ní béèrè ilé ẹni tó jẹ́. Nesta ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀.

“Ilé ta lo wà lónìí?” Nesta á béèrè.

“Ilé Ọlọ́run. Àbí o kò rí mọ́tò mi ni?”

Èmi ni Marged Blaen-nant. Blaen-nant ni orúkọ oko mi, ọkọ mi sì ti kú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún náà, nígbà ìpàdé ńlá ṣọ́ọ̀ṣì nínú oṣù kọkànlá, èmi ló kàn láti gba oníwàásù àlejò sílé. Ọ̀gbẹ́ni Pugh ni orúkọ rẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó. Mo fọ ilé, mo tún un fọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, kí ni mo rí? Ìgbẹ́ èkúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.

Wil gba ẹ̀yìnkùnlé wọlé láàárọ̀ Ẹtì, òun àti Pwt, ajá rẹ̀ kékeré elétí funfun kan.

“Wil, ṣé ẹnì kankan rí ọ?”

“Àgùntàn méjì. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ.”

“Má fi mí ṣẹ̀sín! Aago mẹ́ta ni oníwàásù ń dé.”

“Fọkàn balẹ̀, Marged. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe onílé, àlejò ni wọ́n. Àjà koríko nínú àká ni wọ́n ti ń wá. Ibẹ̀ ni mo ń lọ.”

Mo mọ̀ pé pákó àjà yẹn ti jẹrà. Láti ayé ọkọ mi la ti mọ̀. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, ni mo bá gbọ́ ìró mọ́tò lójú ọ̀nà. “Bọ́ síta! Gba ẹ̀yìnkùnlé, kí wọ́n má rí ọ!” Mo fi ọwọ́ ara mi tì í jáde. Ifor Lẹ́tà lásán ló ń kọjá lọ.

Ní aago méjì, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀kùn ìdáná mi, ó ń gbó, ó ń sáré lọ sápá àká, ó tún ń padà. Mo ní Wil ti parí iṣẹ́, ó ti lọ, ajá ọ̀jẹun yìí ló yà wá wá egungun. Ta ni kò mọ ajá Wil? Bí wọ́n bá rí i lójúlé mi, ó tán. Mo fi eegun kan tàn án wọ yàrá èédú, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo ní Wil á wá mú un lọ́la.

Oníwàásù dé. Tíì wà ńlẹ̀, búrẹ́dì elésò wà ńlẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Bí aago ṣe lù márùn-ún, Nesta kanlẹ̀kùn, òun àti Ifor.

“Marged, Wil kò tíì wálé. Mọ́tò rẹ̀ ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ilé dé ilé la ti ń béèrè. Jọ̀ọ́, ṣé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ?”

Ọ̀gbẹ́ni Pugh gbójú sókè, ó ń wò mí.

“Ọ̀dọ̀ mi kẹ̀? Kí ni Wil fẹ́ wá ṣe níbí? Èkúté kò wọ ilé mi rí.”

“Ohun tí gbogbo wọn ń sọ náà nìyẹn,” Nesta wí, wọ́n sì lọ. Àwọn ọkùnrin wá a lọ sí etí odò. Èmi bu tíì sí i fún oníwàásù. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣáà ti kúrò lọ́dọ̀ mi, àǹfààní wo ló wà nínú kí n máa sọ ọ́? Ọ̀dájú èèyàn ni mí. N kò tilẹ̀ yọjú sí àká.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, mo bi Ọ̀gbẹ́ni Pugh bóyá ó sùn dáadáa.

“A dúpẹ́, ìyá. Àfi pé…” Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti ni. “Nǹkan kan wà nínú àká tó kọjú sí fèrèsé mi. Ó ń kan ògiri. Á kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́, á tún kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́ ló tó dáwọ́ dúró. Mo ní èkúté ni. Ojú ló tì mí láti dárúkọ rẹ̀ fún yín.”

Èkúté wo ló ń ka mẹ́ta? Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré.

Pákó àjà ti já. Inú ibùso àwọn ọmọ màlúù ni Wil já bọ́ sí, itan rẹ̀ ṣẹ́, egungun ìhà rẹ̀ náà ṣẹ́. Dókítà ní ìdí nìyẹn tí kò fi lè kígbe, òtútù ló sì pa á, pé bí wọ́n bá rí i nírọ̀lẹ́ ni, ì bá yè. Garawa kékeré tó ń gbé ìyẹ̀fun sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí garawa náà ti tẹ̀ wọnú níbi tó ti fi ń kan ògiri. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ti dà sí i láyà. Ẹsẹ̀ èkúté wà lórí ìyẹ̀fun náà.

Ṣé ẹ rò pé mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn? Mo ní ó wọ àká mi láìsọ fún mi. Ajá gbó láti yàrá èédú, Nesta ló lọ ṣí i, ajá náà dúdú láti orí dé ìrù. Mo ní fúnra rẹ̀ ló wọbẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Kí ni wọn kò ní gbà gbọ́ sí? Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kì bá ṣe bí mo ṣe ṣe.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ rere nípa Wil dìde. Gbogbo wa ló ti bá Wil kúnlẹ̀ nídìí kọ́bọ́ọ̀dù wa rí. Ta ló fẹ́ sọ pé ó wá sílé òun? A wolẹ̀. Pásítọ̀ dúró, ó dúró, ó wá ní ká kọrin. A sin ín bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kankan rí láyé.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọdún kọkànlá rèé tí n kò lè sùn tí nǹkan bá kan ògiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ pé àìsàn ti dá Nesta dùbúlẹ̀. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sì sọ ọ́ tán pátá: pákó, ajá, ilẹ̀kùn tí mo tì, aago márùn-ún.

Kò yà á lẹ́nu. “Mo ti mọ̀,” ló wí. “Ìta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn èédú rẹ wà, Marged. Ajá kì í ti ara rẹ̀ mọ́lé. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí ẹnì kan ṣoṣo ṣáà dìde. Ìwọ ni mò ń wò.”

“Nesta, dákun, dárí jì mí.”

Ó yíjú sí ògiri. A gbọ́ ohùn èèyàn níwájú ilé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bọ̀ wá kí i.

“Dìde,” Nesta wí. “Gba ẹ̀yìnkùnlé, kí wọ́n má rí ọ.”

Mo sì gba ẹ̀yìnkùnlé lọ.