Bí Wọ́n Ṣe Gba Owó Àlejò Lọ́wọ́ Bàbá Mi ní Kàbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo yọ fọ́tò tí mo gbé síbí kúrò, èyí tí mo dúró síwájú òdòdó nínú kílíníìkì àwọn òyìnbó, tí mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìlú wa náà ti dé ibi tí ayé dé. Ìtìjú ni mo fi yọ ọ́ o! Bó ṣe jẹ́ rèé.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí, Biology ni mò ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Kàbà. Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi ń gbé láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ. Bàbá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, síbẹ̀ wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn ro oko kaṣú wọn. Ṣúgà wà lára wọn, wọ́n ń lo oògùn rẹ̀, a sì ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ.

Àbúrò mi obìnrin, Dúpẹ́, tó wà ní Kánádà, fi bàtà kan ránṣẹ́ sí Bàbá. Bàtà tó rẹwà gan-an ni! Bàbá wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà sì ha wọ́n ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù. Wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí mo fi máa rí i, ó ti di egbò tó ń ṣomi.

Ẹni tó ní ṣúgà kì í fi egbò ẹsẹ̀ ṣeré, èmi gan-an ni mo máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Mo ní ká máa lọ sí ọsibítù ìjọba lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo kọ́kọ́ pe Dúpẹ́.

Ha! Dúpẹ́ yarí kanlẹ̀. Ọsibítù ìjọba kẹ̀? Níbi tí èèyàn ti máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀? Ó ní ṣé mi ò tíì gbọ́ nípa kílíníìkì tuntun tí wọ́n ṣí fún àwọn òyìnbó tó ń wa kùsà lágbègbè wa ni? Òun tó wà ní Kánádà ti rí i lórí Instagram, èmi tí mò ń gbé Kàbà ò mọ̀! Ó ní òun ló máa san gbogbo owó, kí n ṣáà gbé Bàbá lọ.

Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Ta ni ò fẹ́ ohun tó dáa?

Mi ò ní dárúkọ kílíníìkì náà o. Wọ́n ní lọ́yà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ owó wa ni wọ́n fi ń sanwó fún un.

A débẹ̀ ní Mọ́ńdè. AC inú ibẹ̀ tutù débi pé Bàbá bi mí bóyá mọ́ṣúárì la kọ́kọ́ yà sí. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ń gba imú sọ̀rọ̀. Ó kí wa káàbọ̀, ó wá bi Bàbá pé ìgbà wo ni wọ́n dé sí orílẹ̀-èdè yìí.

Bàbá ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ojú ewé mọ́kànlá. Iléeṣẹ́ wo ló mú yín wá síbí? Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ẹńbásì yín dà? Mo ṣàlàyé pé ọmọ onílùú ni bàbá yìí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní gbà á bí a bá fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo. Bá a ṣe sọ Dúpẹ́ di iléeṣẹ́ tó mú bàbá rẹ̀ wá sí Kàbà nìyẹn.

Ojú ewé keje ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n bèèrè pé bí àìsàn bá kọjá agbára àwọn, ibo ni kí àwọn fi bàálù gbé aláìsàn lọ?

"Òkè-Bùkún," ni Bàbá dáhùn. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi."

Ọmọbìnrin náà bèèrè bóyá pápá bàálù wà ní Òkè-Bùkún. Bàbá ní pápá ìṣeré àwọn ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, wọ́n lè bà síbẹ̀, kí wọ́n ṣáà má pa ewúrẹ́ èèyàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tẹ ìyẹn náà sí i!

Owó wá dé. Ọgọ́rùn-ún dọ́là láti kọ orúkọ sílẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là fún bàálù, bóo bá fẹ́ bàálù o, bóò fẹ́ bàálù o. Àádọ́ta dọ́là fún nǹkan tí wọ́n pè ní orientation. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì wo ẹsẹ̀ o! Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, owó oṣù mi bíi méje ni. Dúpẹ́ san án láti Kánádà kí n tó pa fóònù. Mo yáa lọ dúró síwájú òdòdó, mo ya fọ́tò.

Mo wá ní kí dókítà wá wo ẹsẹ̀. Wọ́n ní rárá o, ẹni tí kò bá tíì ṣe orientation kò lè rí dókítà. Tọ́sìdè ni wọ́n máa ń ṣe é.

Ní Tọ́sìdè, a padà lọ. Èmi, Bàbá àti òyìnbó méjì la wà nínú yàrá náà. Ọ̀kan síngbọnlẹ̀, ó ní Ítálì lòun ti wá, èkejì tín-ínrín, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lòun dé láti Abuja, ló ń kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń gbé ní Kàbà.

Ó ní oòrùn máa ń mú níbí. Ó ní ẹ̀fọn wà. Ó ní ká má dá nìkan wọ inú igbó, torí ejò. Bàbá tó fi àárín igbó yẹn ṣe ilé láti kékeré kàn ń mi orí. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá ní ká má tètè máa jẹ iyán, ká jẹ́ kó mọ́ ikùn wa lára ná.

Bàbá nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, àtikékeré mi ni mo ti ń jẹ ẹ́. Ṣé ó ti mọ́ mi lára, àbí kí n ṣì ní sùúrù díẹ̀?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, bíi pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Ló bá bọ́ sórí ìkíni. Ó ní bí a bá pàdé àwọn ará ìlú, ká sọ pé "Sannu."

Sannu! Ìkíni Haúsá, ní Kàbà! Ṣé torí pé wọ́n kó wa pọ̀ mọ́ Òkè Ọya nínú ìwé ìjọba ni? Bàbá dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? 'Okun' là ń kí ara wa níbí. Okun o! Ẹ̀yin náà, ẹ wí i." Òyìnbó Ítálì wí i, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wí. Èyí tín-ínrín náà wí i. Bàbá fi bíi ogún ìṣẹ́jú kọ́ wọn ní ìkíni àárọ̀, ìkíni oko àti ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí a parí, wọ́n fún Bàbá ní sátífíkéètì pé wọ́n ti mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ní Kàbà. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Bàbá kọ́ kíláàsì, ọmọ Bàbá ló tún sanwó kíláàsì!

Mo bèèrè dókítà. Nọ́ọ̀sì kan dúró lókèèrè, ó wo bánńdéèjì tí mo fi wé ẹsẹ̀ náà nílé, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní dókítà ń bọ̀ láti Abuja ní Túsìdè.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán rèé.

Ní Sátidé, egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo tú u, mo rí i pé ọmọ ìka náà ti ń dúdú. Mo pe Dúpẹ́ lórí WhatsApp, mo fi hàn án, mo ní mò ń gbé Bàbá lọ sí ọsibítù ìjọba. Dúpẹ́ bẹ̀ mí. "Bọ̀dá mi, lẹ́yìn gbogbo owó yìí? Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù."

Mo sì gbà. Kì í ṣe Dúpẹ́ ni kí ẹ bá wí, òun ò gbọ́ òórùn. Èmi gbọ́ ọ. Ohun tí mo ń rò ni fọ́tò tí mo gbé síta, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé tíṣà ti lówó. Báwo ni màá ṣe padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì? Ẹ wo irú èrò bẹ́ẹ̀ nínú orí àgbàlagbà!

Ní Túsìdè, a rí dókítà. Ọmọ kékeré ni, ó níwà. Ó tú ẹsẹ̀ Bàbá fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ń pè fún irinṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání wọlé. Obìnrin náà ní kí dókítà dúró ná. Ó ní ṣúgà ti wà lára Bàbá kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, àìsàn tí wọ́n bá gbé wá láti ìta sì gbọ́dọ̀ dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí àwọn tó fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Màdáámù, ṣé ẹsẹ̀ yìí ni kó dúró fún oṣù mẹ́ta?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kì í ṣe òun ló ṣe òfin. Ó ní àmọ́ bí a bá sún sókè sí ipò Platinum, wọ́n lè dín ọjọ́ náà kù sí ọgbọ̀n. Ó ń ṣí iye owó rẹ̀ hàn mí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì nígbà tí Bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ọmọ mi, gbé mi dìde."

Dókítà sá tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì. Ó ti fi owú àti bánńdéèjì tuntun wé ẹsẹ̀ náà, ó sì tún ki ìyókù bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yà sílé rárá. Ọsibítù ìjọba tààrà. Mò ń pè wọ́n báyìí." Ó sì pè wọ́n lóòótọ́. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ní ọsibítù ìjọba, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo fi gba káàdì. Bẹ́ǹṣì tí mo ń sá fún, a ò lò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ìyá ará Ìsánlú, gbé ẹsẹ̀ Bàbá lé itan ara rẹ̀, ó wò ó, ó bèèrè ọjọ́ tí a ti rí i. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ó gbójú sókè. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ń kọ́ ọmọ mi ní Biology?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní èmi ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gé ọmọ ìka náà. Dókítà ibẹ̀ ní ká ní a fi bí ọjọ́ méjì kún un ni, ibi orúnkún ni àwọn ì bá ti gé ẹsẹ̀ náà. Bàbá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ni wọ́n ń sọ fún pé wọ́n ní wọ́n máa fi bàálù gbé àwọn, ọmọ ìka kan ṣoṣo ló rí ọ̀nà lọ. Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò pariwo ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ń rà, àwọn náà ń gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n inú ìwọ àti Dúpẹ́ dùn pé ẹ gbé mi lọ síbi tó dáa. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Mo sì rò pé ẹ̀yin tí ẹ kàwé mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe."

Ìta ni mo jáde sí. Mo sunkún lábẹ́ igi mángòrò ọsibítù bí ọmọ kékeré.

Dúpẹ́ náà sunkún. Ó kọ̀wé sí kílíníìkì pé kí wọ́n dá owó padà. Wọ́n dá a lóhùn pé owó tó ti wọlé kì í jáde, ṣùgbọ́n torí pé oníbàárà pàtàkì la jẹ́, wọ́n máa bá wa yọ díẹ̀ kúrò bí a bá fẹ́ forúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ nínú ẹbí. Ẹlòmíràn wo? Ṣé èmi ni àbí ewúrẹ́?

Bàbá ti padà sóko. Wọ́n ń tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n ń lọ.

Ohun tí mo kọ́ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa. Kó tó di pé ẹ tọwọ́ bọ àpò níbikíbi tí ilẹ̀ ti ń dán, ẹ bèèrè ohun kan ṣoṣo: ọjọ́ wo lẹ máa tọ́jú ohun tó gbé mi wá? Bí wọn ò bá rí èsì sí ìyẹn, ẹ máa bá tiyín lọ. Mi ò ní kí ọlọ́rọ̀ má gba owó fún iṣẹ́ rẹ̀ o. Àwọn òyìnbó yẹn nílò bàálù wọn. Bàbá mi nílò ẹni tó máa fọ egbò. Ojú kì í tì mí pé mi ò lówó, ohun tó dùn mí ni pé ojú ọsibítù tí wọ́n ti bí mi ń tì mí, àfìgbà tí ìyá ará Ìsánlú gbé ẹsẹ̀ bàbá mi lé itan ara rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó bi yín pé kí ló ń ṣe yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Bí ẹ bá sì ní bàbá tàbí ìyá tó ní ṣúgà nílé, ẹ fi fóònù yìí sílẹ̀ ná, ẹ lọ wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.