Ta Ni "She"?

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí àwọn òkè Ìdáàṣà, òórùn àpáta tútù máa ń wọ kíláàsì wa, á sì dà pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀kì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀rọ kékeré tí olùkọ́ fi ń jẹ́ ká gbọ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ̀rọ̀ ti já bọ́ látorí tábìlì, ó sì ti fọ́.

Olórí kíláàsì ló fọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sún mọ́ mi, tó sọ ọ́ sí mi létí. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn wa sì gbọ́. Nígbà tí olùkọ́ béèrè ẹni tó fọ́ ọ, mo ń retí kí olórí kíláàsì dìde jẹ́wọ́. Kò dìde. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn wa yẹn ló nawọ́.

"Ní Gẹ̀ẹ́sì!" ni olùkọ́ jágbe. Kò gba Faransé láyè ní wákàtí tirẹ̀, áńbọ̀tórí èdè ilé.

Ọmọ náà fi ìnira ṣa ọ̀rọ̀ jọ: "The monitor told her friend that she broke it."

Olórí kíláàsì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ta ló fọ́ ọ? "She" yẹn lè jẹ́ olórí, ó sì lè jẹ́ èmi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ti kọ́ wa pé orúkọ tó bá sún mọ́ arọ́pò-orúkọ jù ló ni ín. Ọ̀rẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Olùkọ́ nàka sí mi.

"Mẹsié, èmi kọ́!"

"Gírámà ti dájọ́."

Ọmọbìnrin ẹ̀yìn wa tún dìde. Ó yà sí èdè wa: "Mẹsié, ó sọ fún un pé òun ti fọ́ ọ!" Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, o mọ ohun tí "òun" túmọ̀ sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, "pé ó ti fọ́ ọ" ni ì bá wí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ti yanjú ẹjọ́. Ọmọ Ìdáàṣà sì ni olùkọ́ yìí, inú ọmú ìyá rẹ̀ ló ti mu èdè náà. Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní kó jókòó, kó má sọ èdè oko ní kíláàsì òun.

Wọ́n ní kí n lọ ro ilẹ̀ olókùúta ẹ̀yìn ilé ìwé nínú oòrùn. Wọ́n tún yọ mí nínú eré Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ ṣe fáwọn òbí, wọ́n sì fi ipa tèmi fún olórí kíláàsì! Ìyá mi fi oko sílẹ̀ ní Kpingni, ó wọ aṣọ Ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ wá. Títí eré fi parí, ojú ló fi ń wá mi.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin ẹ̀yìn wa tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ, tó fi èdè wa rò ó. Ìyẹn gbọ́ ọ parí, ó pe olórí kíláàsì, ọmọ náà sì bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀rù ló bà á. Olùkọ́ ni mi ò lè dárí jì. "Gbólóhùn yẹn ló rú mi lójú," ló wí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Irọ́ ni! Kò rú u lójú.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní Paouignan. Bí ọ̀rọ̀ bá kan orúkọ rere ọmọ kan, èdè tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n sọ. Gbólóhùn tó rújú kò tíì ṣẹ̀ mí rí. Ẹni tó kàn ní láti béèrè pé "Ta ni?", tí kò béèrè, òun ló ṣẹ̀ mí.