Oògùn Tí Láwàl Pín Dọ́gba

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Láwàl kì í ṣe ọkọ rere. Bó bá ra bàtà fún ìyálé, yóò ra ti ìyàwó. Bó bá gé ẹran, yóò gbé méjèèjì sọ́wọ́ wò kó tó fi wọ́n sáwo. Gbogbo mọ́ṣáláṣí Òkéré ní Warri ló ń yìn ín. Sàlíhátù ìyálé rẹ̀ náà máa ń yìn ín, kí ìdọ́gba yìí tó wọ inú oògùn.

Fìlà ni Sàlíhátù ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Lọ́dún tí ilé ìfọpo Warri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí owó epo ń ṣàn káàkiri ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ epo tí wọ́n gbé wá láti Èkó a máa wa mọ́tò láti àdúgbò Ajamimogha wá sí ìsọ̀ rẹ̀, pé àwọn fẹ́ fìlà tí ojú Èkó kò rí rí. Ìgbà tí ọjà yá báyìí gan-an ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kú lọ. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ gún un, kò mọ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ba fìlà oníbàárà jẹ́.

Ẹ̀tẹ̀ ni. Wúrà, ìyàwó kékeré, náà ní in. Àmì tirẹ̀ wà lẹ́yìn àti lápá. Wọ́n ní òmùgọ̀ ní í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní ti àwọn yìí, wọ́n fi orúkọ làpálàpá bo ẹ̀tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jà, wọ́n sì ń jẹun.

Hóró funfun kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn ti ń fún wọn láti ọdún pípẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, àrùn náà mojú rẹ̀, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ni Dókítà Morákinyọ̀ bá sọ fún wọn pé oògùn tuntun dé, òun sì fẹ́ fi í wé ti àtijọ́: ìdajì àwọn aláìsàn yóò máa lo funfun nìkan, ìdajì yóò fi oríṣi méjì tuntun kún un. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Ó mú Sàlíhátù fún tuntun, ó fi Wúrà sílẹ̀ sórí funfun.

"Ẹ má fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ o, Màmá," ni dókítà kìlọ̀ fún Sàlíhátù.

Láwàl gbọ́, inú bí i. "Ta ni dókítà tí yóò pààlà sáàárín àwọn aya mi? Èmi ni Ọlọ́run yóò bi!" Ó gba gbogbo oògùn lọ́wọ́ wọn, ó kó o sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oògùn tuntun ti ń bá yàrá rìn: ìyàwó tó bá kàn láti dáná, tí yóò sùn lọ́dọ̀ ọkọ, òun ni yóò lò ó. Ẹni tí kò kàn, funfun ni tirẹ̀.

"Bàbá Mùsbáù, oògùn kì í ṣe ẹran," Sàlíhátù bẹ ọkọ rẹ̀. "Bí a bá pín in, kò ní í ran ẹnì kankan."

"Ṣé o fẹ́ kí n rẹ́ Wúrà jẹ ni?"

Warri ni wọ́n bí Wúrà sí. Ó tọ ìyálé rẹ̀ lọ sí ìdí ààrò. "Ìyálé mi, I no tell am make e share am o. Na your own." Síbẹ̀, bí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, ó ń la ẹnu. Ta ni yóò ní kí ìlera máa lọ?

Ohun tó ń dun Sàlíhátù jù ni pé kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Ọkọ kò níkà nínú, orogún kò jalè. Ìkà lèèyàn ń bá jà. Báwo la ṣe ń bá olóòótọ́ jà? Ó ń gbé ìbínú rẹ̀ mì, ìka rẹ̀ sì ń ká kò.

Oṣù mélòó kan kọjá, ojú Wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, nítorí ọ̀kan nínú oògùn tuntun náà a máa pa àwọ̀ dà. Lọ́jọ́ ilé ìwòsàn, dókítà tẹjú mọ́ ọn.

"Funfun kì í pa ojú dà báyìí. Ta ló ń fún ọ ní tuntun?"

Sàlíhátù rò pé ọ̀nà là wàyí: dókítà yóò pe Láwàl, yóò bá a wí, oògùn òun yóò padà di odindi. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, títí dórí ọ̀rọ̀ yàrá. Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, n kò lè ka ẹ̀yin méjèèjì mọ́ ẹgbẹ́ kankan mọ́. Àwọn tí à ń fi wé ara wọn nìkan ni wọ́n fi oògùn tuntun ránṣẹ́ sí. Ẹ ó padà sórí funfun títí ìjọba yóò fi ra ti gbogbo èèyàn."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

Dókítà kọ funfun sórí káàdì àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jáde, mọ́tò ńláńlá tó ń lọ sí Effurun ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè sọdá títì. Ìlú tó rówó ra gbogbo ìyẹn kò rówó ra oògùn!

Nílé, Láwàl gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, ojú rẹ̀ sì là.

"Alhamdulillahi. Ó ti dọ́gba báyìí. A kò rẹ́ ẹnì kankan jẹ."

Láti ìgbà tí Sàlíhátù ti wọlé ọkọ, kò gbóhùn sókè sí i rí. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti ká kò lé e lórí itan.

"Kò tíì dọ́gba," ó pariwo. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tiyín náà kú, Bàbá Mùsbáù. Ìgbà yẹn ni yóò dọ́gba!"