Àmín Tí Mi Ò Ṣe

Bí mo bá rántí àdúà ọjọ́ náà, inú mi ṣì máa ń ru. Wọ́n ní mo ti le jù. Kí n má le kẹ̀? Ṣé ohun tí wọ́n sọ dára ni?

Tẹ́níìsì ni iṣẹ́ mi. Ṣakí ni mo ti kọ́ ọ, lórí pápá yangí kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń ta sí ibi tó bá wù ú. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé obìnrin wo ló ń sáré kiri nínú oòrùn bẹ́ẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ mi wà láàárín àwọn tó ń fi eré yìí jẹun. Nítorí náà, nígbà tí mo na ọmọbìnrin kan tó fi fíìfíì jù mí lọ níbi ìdíje kan l'Ábújá, bàbá mi pa àgbò, ó ní kí àwọn àáfáà wá bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìlú tí ogun ń jà ni ọmọbìnrin yẹn ti wá. Okùn rákẹ́ẹ̀tì mi méjèèjì já nígbà tó ku ọ̀la kí a pàdé. Òun fúnra rẹ̀ ló yá mi ní tirẹ̀. Ó ní, "Gbà á jàre. Ta ló fẹ́ na ẹni tí ò ní rákẹ́ẹ̀tì?"

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, mo bá a ní ìjókòó nílẹ̀ nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń pe fóònù. Bọ́ǹbù ti bọ́ sí àdúgbò wọn, fóònù ìyá rẹ̀ ò sì wọlé mọ́. Ó bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n sún eré náà síwájú díẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá lè gbá a, kó máa lọ sílé. Ẹ gbọ́ o! Èèyàn ò mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì wà láyé, àwọn ń wo aago.

Ó gbá a. Ó fìyà jẹ mí ní sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Mo jà padà. Mi ò ní purọ́, mo gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lọ́jọ́ yẹn, kò sí bí bọ́ọ̀lù ṣe ta tí mi ò bá a. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá jókòó sinmi, báàgì tí fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló ń tẹjú mọ́. Nígbà tí mo borí, ó dì mọ́ mi, ó sì sáré jáde.

Mo sọ gbogbo èyí fún bàbá mi lórí fóònù. Mi ò mọ̀ pé ó máa lọ sọ ọ́ fún àáfáà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìyanu.

Ẹní kún àgbàlá wa lọ́jọ́ àdúà. Àwọn àbúrò bàbá mi wá láti Tẹ̀dé, àwọn aládùúgbò náà pé. Àáfáà àgbà gbé ohùn sókè: "Ọ̀tá tó dìde sí ọ, Ọlọ́run tiná bọ ilé rẹ̀ kí o lè borí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí fún gbogbo ọ̀tá rẹ!"

"Àmín!" Gbogbo àgbàlá gbà á. Ohùn ìyá mi ló ròkè jù.

Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣàdúà lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá borí gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá tó ṣubú. Bí kò bá ní, wọ́n á wá ọ̀kan fún un. Ó ti sú mi! Mo dìde.

"Ẹ dákun, ẹ dúró ná. Ta ni ọ̀tá mi? Ẹni tó yá mi ní rákẹ́ẹ̀tì? Ṣé kí èmi lè borí nínú tẹ́níìsì ni Ọlọ́run ṣe ju bọ́ǹbù sílé ìyá oníyàá?"

"Jókòó," ni bàbá mi wí. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú àlejò ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní jókòó."

Àáfáà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àdúà ni, kì í ṣe èpè."

"Àáfáà, ẹ̀yin lẹ ní kí ilé máa jó. Kí ni wọ́n wá ń pè ní èpè?"

Ìyá mi, tó ń bu ìrẹsì, dá ọwọ́ dúró. Ó bi mí pé, "Ìyá ọmọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí i?"

"Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

"Háà! Èmi tí mo bímọ, èmi ni mo ṣe àmín sí i?" Ó dé ìkòkò padà. "Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àdúà yẹn padà. Ẹnikẹ́ni ò ní fẹnu kan oúnjẹ nílé yìí títí ẹ ó fi bẹ Ọlọ́run kó yọ obìnrin yẹn síta láàyè."

Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi ní ṣé nítorí ẹni tí a ò mọ̀ rí ni ẹran ó ṣe tutù. Mo ti fẹ́ fún un lésì, àmọ́ bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí àáfáà, ó ní, "Ẹ bá wa ṣe é." Àáfáà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Àmín tọ̀tẹ̀ yìí ò lariwo, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà pé ìyá mi ń kí ìyá rẹ̀. Ó dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ti yọ ìyá rẹ̀ lábẹ́ ilé tó wó. Ọjọ́ tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù yẹn náà ni wọ́n sin ín.

Mi ò tíì lè sọ ọ́ nílé. Tí ìyá mi bá ti kírun àsùbáà tán, á tún tẹ́wọ́, á ní kí Ọlọ́run yọ obìnrin yẹn síta láàyè. Èmi á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá máa gbọ́ ọ, inú á máa bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bú.