Ìwé Tí Ọkọ Mi Pa Tì

Ọkọ mi ló kọ́ mi ní ìṣirò. Tí mo bá sọ ọ́ lónìí, àwọn èèyàn á rò pé mò ń pọ́n ọn lé lásán, torí èmi ni mo padà fi ìwé jẹun.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwa méjèèjì, ní abúlé kan lẹ́yìn Ayétòrò, níbi tí ẹnubodè ò ti jìnnà. Ìgbà ìjọba ológun ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọmọ sì kún kíláàsì débi pé àwọn kan ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kékeré la ní, a sì pinnu pé a ò ní dúró síbẹ̀. Bí a bá jẹun ọ̀sán tán, a ó gbé àpótí sábẹ́ igi máńgòrò, a ó máa kàwé ìdánwò G.C.E. Ohun tó bá yé e lẹ́ẹ̀kan, àsọtúnsọ ni tèmi. Kì í bínú. Á ní, “Gbàgbé ìdáhùn ná. Kí lo rí nínú ìbéèrè?” Títí dòní, mi ò tíì rí olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀rọ̀ yéni tó o.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe fàyàwọ́ ló wá mú un lọ. Ìrẹsì àti sìgá ni wọ́n ń fi alùpùpù gbé gba inú igbó wọlé. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tó yá, ó di òpin ọ̀sẹ̀ gbogbo. Nígbà tó tún yá, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Mo ní, “Bàbá ọmọ mi, ìdánwò ń bọ̀ o.”

“Ìwé ò ní sá lọ,” ló fi dá mi lóhùn. “Jẹ́ kí n rí jẹ ná. Ṣé wọ́n ń fi ìwé se ọbẹ̀ ni?”

Ó ra alùpùpù tirẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń bá wa gbé, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ léèsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń pè é ní Tíṣà sọ ọ́ di Ọ̀gá. Èmi nìkan ló kù lábẹ́ máńgòrò.

Mo yege. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ gbà mí, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọmọ síbẹ̀, ọmọbìnrin wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìyá ọkọ mi gbà láti tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ tẹnu wọn: “Obìnrin tí ọkọ ń bọ́ yó, kí ló tún ń wá lọ?” Ní àárọ̀ tí mò ń lọ, ọkọ mi gun alùpùpù rẹ̀ jáde. Èmi ni mo ru pọ́tímáńtò mi dé ibi tí mo ti wọkọ̀.

Nígbà ìsinmi àkọ́kọ́, mo nawọ́ sí ọmọ mi, ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Ìyá àgbà ló ti ń pè ní Màmá. Wọ́n ní, “Kí Àǹtí káàbọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo wá wọ yàrá lọ sunkún.

Kí n tó parí ẹ̀kọ́ mi ni kọ́sítọ́ọ̀mù lé ọkọ mi nínú igbó. Alùpùpù ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ. Eegun náà jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò yọjú sí ọsibítù. Nígbà tó tiro lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n ní àwọn tí ìwé ẹ̀rí wọn ju tirẹ̀ lọ ti pọ̀ nílẹ̀.

Wọ́n fún mi níṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlaró. Mo ní kí gbogbo wa jọ kó lọ. Mo ra ìwé tuntun fún un, mo kúnlẹ̀. “Bàbá ọmọ mi, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Orí yín ṣì pé.”

Ó tẹjú mọ́ mi. “Ká ní o jókòó sílé bí ìyàwó àwọn ẹgbẹ́ mi, ta ni ì bá mọ̀ pé mo kùnà?”

Ìbínú ni mo ti múra sílẹ̀ dè. Mi ò múra sílẹ̀ de ìyẹn.

Mo dá lọ sí Ìlaró. Kí ọdún tó yí po, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ sì ránṣẹ́ pé ọmọ kọ̀, kò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré sílẹ̀ dè é ní yàrá kejì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtiwọ yunifásítì, tí àyè ò gba ìwé mi mọ́, mo kó wọn lé orí bẹ́ẹ̀dì náà.