Ilẹ̀kùn Gáréèjì Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ gbá mi létí. Èmi náà ò wojú ẹ̀gbọ́n, mo ki eyín bọ̀ ọ́ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ọ̀sán Sátidé ni, níwájú gáréèjì bàbá wa ní Ìkọ̀lé. Ilẹ̀kùn irin tí bàbá fi ń ṣe fáàrí fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fa ìjà. Rímóòtù nìkan ló ń ṣí i, rímóòtù ti sọnù, a sì ti sin bàbá.

Ọkọ̀ bàbá wà nínú gáréèjì náà, ọjọ́ kejì sì ni ìdúpẹ́ ìsìnkú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá wa, tí orúnkún ń dùn, ti sọ tirẹ̀: "Bí kì í bá ṣe ọkọ̀ ọkọ mi ló gbé mi, ulé ni mo wà."

A ti tú gbogbo yàrá bàbá. Aṣọ rẹ̀ nìkan la ò tú. Nínú ẹbí tiwa, àwọn àbúrò òkú ló ń pín aṣọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í tọwọ́ bọ àpò rẹ̀ kí wọ́n tó pín in. Bó ṣe wà ni wọ́n ṣe kó o lọ.

Rímóòtù tuntun àkọ́kọ́ tí mo rà kò bá a mu rárá. Ọkùnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ọjà yẹ èkejì wò, ó ní òun gan-an nìyí.

"Àmọ́ Àǹtí, ẹ máa kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ara mọ́tò ilẹ̀kùn náà, ẹ̀rọ tó ń fà á sókè, kí wọ́n tó lè mọra wọn."

"Níbo ni mọ́tò wà?"

"Inú gáréèjì. Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣí i láìsí rímóòtù pàápàá, inú ibẹ̀ ni."

Díẹ̀ ló kù kí n sọ rímóòtù náà mọ́ ọn lórí.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́, ó gbé dígà tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, ó ní òun máa já ilẹ̀kùn náà. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn, ìyẹn ló fi gbá mi létí. Nígbà tí mo gé e jẹ tán, ó tì mí ṣubú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Bí ẹni ń lu bàbá mi ló rí létí mi. Inú bí mi, mo ju òkúta bà á lẹ́yìn. Ó yíjú pa dà, ó gbé dígà sókè, mo rí i lójú rẹ̀ pé èmi ló kàn.

Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè fúnra rẹ̀.

Àbúrò bàbá wa láti Ayédé ló dúró lẹ́nu géètì, ó wọ bùbá bàbá, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò. Ó fọwọ́ kan nǹkan líle kan níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìmọ ohun tó jẹ́. Màmá, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé, rí bùbá kó tó rí ojú. Ó dìde lórí orúnkún dídùn yẹn.

"Ọkọ mi, ẹ ti dé?"

Ilẹ̀kùn gòkè dé ibi tí dígà ti tẹ̀ ẹ́ wọnú, ó há. Mọ́tò ilẹ̀kùn ké, èéfín rú, ó dákẹ́. Táyà ọkọ̀ nìkan la rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, màmá wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ní ká gbé àga òun síwájú ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀gbọ́n mi tún na ọwọ́ sí dígà.

"Fi í lẹ̀," màmá wí. "Ẹ ti lù ú tó."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ takisí lọ síbi ìdúpẹ́. Màmá ò bá wa lọ.